Ohun Tí Olú Inú Igbó Ń Kọ́ Ọmọ Awo



           

Àṣà ìjókòó yìí ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mú Odù kan, kí ó sì tú u palẹ̀. Àwọn àgbà tó ṣáájú wa ti ṣe é, ó sì dùn. Lónìí, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kékeré kan tó wà nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kọjá. Olú ni. Àkókò òjò la wà yìí, àkókò òjò sì ni olú ń hù. Ìdí kejì ló jù: ìmọ̀ tí ń dáàbò bo ẹni tó ń jẹ olú ń tán lọ láàrin wa, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ láti jẹ ẹ́ kò tíì tán. Níbi tí ìfẹ́ bá wà tí ìmọ̀ kò sí, ewu ló ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí àmì kan ṣoṣo tí a fi lè ya olú jíjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára olú tí ń pa ni. Ojú tí olùkọ́ là nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá sọ olùkọ́ nù, tàbí tí a sọ igbó tí olùkọ́ fi ń kọ́ ni nù, a kò ní rí ohunkóhun fi rọ́pò wọn.

Ohun tí olú jẹ́

Olú kì í ṣe ewé, kì í ṣe èso, kì í sì í ṣe ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyá wa ń fi í rọ́pò ẹran nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀. Olú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ohun tó ti kú, tàbí ara ohun alààyè mìíràn, ni ó ti ń rí oúnjẹ. Èyí tí a sì ń rí lókè ilẹ̀, tí a ń ká, kì í ṣe gbogbo olú. Bí ọsàn ti rí sí igi ọsàn ni ó rí. Olú gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú igi tó ń jẹrà: fọ́nrán tín-ín-rín, funfun, tó fẹ́lẹ́ ju òwú lọ, tó tàn káàkiri bí ẹni ta àwọ̀n sábẹ́ ewé gbígbẹ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tó, tí ilẹ̀ sì tutù tó, yóò gbé orí sókè, yóò tú irúgbìn rẹ̀ tó rí bí eruku sínú afẹ́fẹ́, láàrin ọjọ́ díẹ̀ yóò sì jẹrà.

Nítorí náà, ẹni tó ká olú kò tíì pa olú. Ẹni tó wú ilẹ̀ rẹ̀ dànù, tó sun ún, tó da oògùn sí i, òun ló pa á.

Olú, ikán àti ọ̀gán

Olú tí àwa ará ilẹ̀ yìí fẹ́ràn jù ni èyí tó ń hù ní ìdí ọ̀gán àti níbi tí ikán ń gbé. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Ńlá wà nínú wọn, tí ẹyọ kan lè kún àwo. Wẹ́wẹ́ wà, tí àwọn kan ń pè ní olú-ọ̀ran, tí ó máa ń tò sílẹ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀ bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Tàkélé náà wà. Orúkọ wọn ń yí padà láti ìlú dé ìlú, kódà láti àdúgbò dé àdúgbò, nítorí náà kí ọmọ awo má ṣe fi orúkọ nìkan gba olú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí olú yìí ti ń ṣe. Irú ikán tí ń kọ́ ọ̀gán máa ń kó igi gbígbẹ àti ewé gbígbẹ wọlé. Ó ń jẹ wọ́n, ó sì ń fi ohun tó bá ti ara rẹ̀ jáde mọ nǹkan kan tó rí bí afárá oyin nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Orí afárá yìí ni olú ti ń dàgbà. Olú ń sọ igi líle di rírọ̀, ikán ń jẹ nínú rẹ̀. Irú olú yìí kò lè dá gbé láìsí ikán. Irú ikán yìí náà kò lè dá gbé láìsí olú. Àwọn onímọ̀ sọ pé àjọṣe wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà láti nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kí ọmọ ènìyàn tó mọ oko í dá, ikán ti ń dáko.

Bí ẹ bá fi sùúrù wú olú ìdí ọ̀gán, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ títí yóò fi kan ilé ikán. Ní orílẹ̀-èdè Sáḿbíà, irú olú ikán kan wà tí agbòòrùn rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Ọdún 1980 ni Pegler àti Piearce, àwọn onímọ̀ olú, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti ń tà á létí títì. Ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbé inú igbó ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Awo kì í fojú kéré irú ẹ̀dá báyìí. Ìyẹ̀ròsùn tí a ń dà sójú ọpọ́n Ifá, níbo ló ti ń wá? Lára igi ìrosùn tí ikán ti jẹ ni. Iṣẹ́ ẹnu ẹ̀dá kékeré ni ọwọ́ babaláwo fi ń tẹ ojú Odù. Ẹni tó bá ń tẹ Ifá lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ikán.

Olú abẹ́ igi páìnì

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé olú ilẹ̀ wa nìkan ló ń bá ẹlòmíràn ṣe irú àjọṣe yìí? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní igbó wa díẹ̀, kí a wo igi àjèjì kan tí wọ́n ń pè ní páìnì, tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tíìkì àti melíná ni ìjọba gbìn jù nínú igbó ọba. Ṣùgbọ́n ní òkè Jos àti ní àwọn ibòmíràn ní Nàìjíríà, wọ́n gbin páìnì tí wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ wá láti apá Kàríbíánì.

Kò rọrùn fún wọn. Níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, nígbà tí wọ́n gbin páìnì sí ilẹ̀ tí páìnì kò tíì gbé rí, èso náà hù, ṣùgbọ́n ọmọ igi náà pọ́n, ó ràn, kò sì lọ sókè. Wọ́n bomi rin ín, kò gbọ́. Ohun tó là á ni pé wọ́n lọ bu erùpẹ̀ lábẹ́ àwọn páìnì àgbà níbòmíràn, wọ́n dà á sí ìdí àwọn ọmọ igi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Kí ló wà nínú erùpẹ̀ yẹn? Olú ni. Fọ́nrán olú ń wé mọ́ gbòǹgbò páìnì, ó ń bá a wá omi àti èròjà ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé. Igi náà ń fún olú ní adùn tí ewé rẹ̀ fi oòrùn ṣe. Ní àkókò òjò, olú yìí yóò yọ orí láàrin ewé bí abẹ́rẹ́ tó ti já sílẹ̀. Igi gíga tí gbogbo ènìyàn ń wò lókè, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí ló gbé e ró.

Ṣùgbọ́n igi àjèjì kì í dá wá. Ó ń mú olú àjèjì lọ́wọ́. Olú kan wà ní Yúróòpù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Amanita phalloides. Òun ló ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo olú ayé. Ó tẹ̀lé àwọn igi Yúróòpù lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ó lọ sí Ọsirélíà, ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, kò sí ìyá àgbà kan tó lè sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó má fọwọ́ kàn án, nítorí pé ìyá àgbà náà kò rí i rí. Ní Kalifọ́níà, àwọn tó ṣí wá láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà jẹ ẹ́, nítorí pé nígbà tó bá kéré ó jọ olú kan tí wọ́n ń jẹ nílé bí oúnjẹ lásán. Olú ilé wọn yẹn, àwa náà ní irú rẹ̀: ó ń hù lára ọ̀pẹ tó ti wó.

Nítorí náà, a ń bá ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní Toronto sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé. Bí ẹ bá rí olú nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó jọ ti ìyá yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ìmọ̀ ilẹ̀ kan kì í ṣe ìwé ìwọ̀lú ní ilẹ̀ mìíràn.

Olú tí ń pa ni

Ọ̀pọ̀ àmì ni wọ́n ń fi tan ènìyàn jẹ. Wọ́n ní bí kòkòrò tàbí ìgbín bá ti jẹ lára olú, kò léwu. Irọ́ ni, ìgbín ń jẹ olú tó lè pa odidi ìdílé, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí a ju àlùbọ́sà tàbí fàdákà sínú ìkòkò, pé bí kò bá dúdú, olú náà dára. Irọ́ ni. Wọ́n ní olú tó bá funfun mọ́ kò ní oró. Irọ́ tó burú jù nìyẹn, nítorí nínú ẹbí Amanita kan náà, èyí tó funfun bí ẹfun wà, ó sì ń pa ni. Wọ́n ní bí a bá sè é pẹ́, oró rẹ̀ á jáde. Oró ti Amanita phalloides kì í bá iná lọ.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, olú kan wà tó ń hù lórí koríko àgbàlá àti pápá. Ó tóbi, ó funfun, ó ní èépá àwọ̀ ilẹ̀ lórí agbòòrùn, ó sì wu ojú. Chlorophyllum molybdites ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tó bá dàgbà, àwọn ìpele wẹ́wẹ́ abẹ́ agbòòrùn rẹ̀ á di bí àwọ̀ ewé tútù. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣì kéré, funfun ni wọ́n, kò sì sí ohun tí ọmọdé yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì, yóò sì máa yàgbẹ́ gbuuru láàrin wákàtí díẹ̀.

Èyí tó ń tètè fa èébì ṣì sàn ju èyí tó ń dákẹ́ lọ. Ẹni tó bá jẹ Amanita phalloides lè má mọ nǹkan kan lára fún wákàtí 6 sí 24. Lẹ́yìn náà ni èébì àti inú rírun á dé. Lẹ́yìn èyí, ara á fúyẹ́, àwọn ará ilé á máa dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n ń dúpẹ́ yẹn gan-an ni oró ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá jẹ olú tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú olú tó ṣẹ́kù dání. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí mílíìkì dúró de ọ̀la. Ẹ má sì ṣe tìtorí pé ara rẹ̀ fúyẹ́ dá a padà sílé. Kò sí ìtìjú fún awo láti fọ̀nà ilé ìwòsàn han aláìsàn. Ìtìjú wà fún awo tó bá jẹ́ kí aláìsàn kú sọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúkọ.

Bí a ti ń là ojú ọmọ awo

Nígbà tí a wà ní ìkọ́ṣẹ́, olúwo wa kì í sọ ọ̀rọ̀ olú lẹ́ẹ̀kan kí ó sì parí. Yóò ní kí a yí agbòòrùn rẹ̀ padà, kí a wo abẹ́ rẹ̀. Yóò ní kí a wú ìdí rẹ̀, kí a wò ó bóyá ó wọ inú ilẹ̀ lọ tàbí ó jókòó sínú àpò. Yóò ní kí a gbóòórùn rẹ̀. Yóò bi wá pé ìdí igi wo ló hù sí, oṣù wo la wà, òjò ti rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀melòó. Ìgbà òjò mẹ́ta kọjá kí ó tó gbà pé kí a dá olú ká wá fún ọbẹ̀. Bí òun tìkára rẹ̀ bá bá èyí tí kò mọ̀ pàdé, gbólóhùn kan ló máa ń sọ: “A kò mọ̀ ọ́n, a kò jẹ ẹ́.” Àgbà ni, a kò sì rí i kí ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin awo, ìyẹn kò ha jọ ẹ̀kọ́ tiwa lójú ọpọ́n bí? Ẹ wo Òtúrá àti Ìrẹtẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ojú mẹ́ta tó jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n sì ní ojú kan tó jẹ́ méjì. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní Òtúrá, ojú kejì láti òkè ni oní-méjì wà; ní Ìrẹtẹ̀, ojú kẹta ni. Ipò kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì tẹ̀lé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹni tó bá ṣi Odù pè yóò ṣi ẹbọ kọ́. Ẹni tó bá ṣi olú ká yóò ṣi ọbẹ̀ sè. A kò lè fi ìkánjú kọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìwé àti ẹnu àgbà

A kò bá ìwé jà. Ní ọdún 1975, B. A. Oso, onímọ̀ nípa olú, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia nípa olú àti àwa Yorùbá. Ó kọ orúkọ olú wa sílẹ̀, ó kọ bí a ṣe ń jẹ wọ́n àti bí a ṣe ń lò wọ́n. Ní ọdún 1977, ó kọ̀wé nípa ohu, ìyẹn ohun líle dúdú tó rí bí iṣu, tó funfun nínú, tí olú kan ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Ó sọ bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lò ó fún orí fífọ́, inú rírun àti ibà. Ní ọdún 2012, Oyetayo, ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, yẹ DNA àwọn olú ikán tí wọ́n ká ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì wò. Ó rí i pé àwọn olú ikán Áfíríkà ló bá wọn tan jù.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí Oso kọ sílẹ̀ yẹn, ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ ọ. Bí ẹnu àgbà bá pa dé láìsí arọ́pò, ta ni olùwádìí ọ̀la yóò bi? Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ìṣúra àfẹnusọ gbogbo ayé. Inú wa dùn. Àmọ́, bí ọmọ awo bá lè ké ẹsẹ Ifá tó dárúkọ ewé, igi àti ẹranko, tí kò sì lè nawọ́ sí ọ̀kan nínú wọn nínú igbó, ìṣúra yẹn ti di orúkọ lásán lẹ́nu rẹ̀.

Igbó tí ń tán

Ẹ gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí ẹ kọjá ní Àpọ́nmù, ní Ọ̀wẹ̀nà àti ní Bọ́lọ́rundúró. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ilé ni ẹ ó rí púpọ̀. A kò ní kí ènìyàn má jẹun. Kòkó ló rán ọ̀pọ̀ wa níléèwé. Ṣùgbọ́n igbó tó ṣẹ́kù kò pọ̀ mọ́. Nínú igbó ọba Àkúrẹ́, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní Queen's Plot, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ibi kékeré kan kò lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ awo.

Lórí oko tiwa, ọ̀gán ni a kọ́kọ́ ń bì wó. Koríko tí àwọn bàbá wa ń fi àdá ṣán, oògùn là ń fọ́n sí i báyìí. Olú sì máa ń fa oró tó bá wà nínú ilẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbin olú sórí ìyẹ̀fun igi ilé ìlagi. A yìn wọ́n, oúnjẹ àti owó ni. Ṣùgbọ́n olú ikán kò gbà kí a gbìn ín bẹ́ẹ̀. Bí ikán bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn wa

Èkíní, kí olúwo kọ̀ọ̀kan máa mú àwọn ọmọ awo rẹ̀ wọ igbó nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, lọ́dọọdún, kí ó tó di pé a pàdé níbi ọdún.

Èkejì, kí a pe àwọn ìyá tó ń ká olú, tó ń tà á lọ́jà, wá bá wa jókòó. Ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ yìí wà jù, kì í ṣe ọwọ́ àwa ọkùnrin. Kí a kọ orúkọ olú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ará Àkúrẹ́ ti ń pè é àti bí ará Oǹdó ti ń pè é, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Kí ìwé náà máa rán olùkọ́ lọ́wọ́. Kí ó má rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ní oko fi ọ̀gán kan, ó kéré tán, sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfọ́n oògùn sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe ká olú ní ààtàn, ní etí títì tàbí lórí ilẹ̀ tí a ti fọ́n oògùn sí. Kí a má sì ṣe ra olú lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tó ti ká a.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ olúwo wa, kí ọmọdé àti àgbà mọ̀ ọ́n lórí: a kò mọ̀ ọ́n, a kò jẹ ẹ́.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa sè ohun tí yóò pa wá. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí ojú olùkọ́ fọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ojú ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ wò sẹ́yìn. Kí ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti ilẹ̀ Oǹdó máa hu ohun rere fún wa. Kí ẹ̀mí gbogbo wa ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé.

Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè.